Tẹlifíṣọ̀n Màmá Òkè

Mo ra tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀.
Mo yá ọkọ̀ orí-yìnyín ọmọ aládùúgbò, mo fi wọ́ ọ wálé
ní Wínípẹ́ẹ̀gì, lóṣù kìíní ọdún,
nígbà tí imú ń dì kí èèyàn tó sín tán.
Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ wò.
Ojú ìyá mi ni.

Ọjọ́ kejìdínlógún rèé tí wọ́n ti sin ín ní Ìkìrun.
Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù.
Sùúrù náà ni mo ń ṣe.
Inú fóònù ni mo ti ń rí i, kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ;
bí mo bá fẹ̀ ẹ́, a fọ́ sí wẹ́wẹ́,
imú a lọ sápá kan, ojú a lọ sápá kan.
Mo ní kí n rí àpá iwájú orí rẹ̀ dáadáa,
èyí tí ìdérí kànga dá sí i lára nígbà oyún mi.

Kò sí wáyà láàárín fóònù àti tẹlifíṣọ̀n.
Ẹ̀ẹ̀kan lo máa tẹ̀ ẹ́, ọmọ tó tà á fún mi ló wí bẹ́ẹ̀,
fọ́tò á fò.
Fóònù bi mí: èwo nínú méjì?
Mo tẹ ti òkè.
Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ó ti wà.
Mo tẹ òmíràn. Dúdú.
Mo bú tẹlifíṣọ̀n, mo bú ẹni tó ṣe é,
mo tún tẹ̀, mo tẹ̀, mo tẹ̀,
mo da ogójì fọ́tò sínú òkùnkùn.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àjà.
Onílé mi ni, opó kan, ọmọ àwọn ará Yukréènì;
orúkọ rẹ̀ a máa gbé ahọ́n mi ṣubú,
ni mo ṣe ń pè é ní Màmá Òkè,
òun náà ń dáhùn, kò béèrè ìtumọ̀.
Wáìfáì kan náà la jọ ń lò, ó wà nínú owó ilé.
Ó kan ilẹ̀kùn, aṣọ ìsùn lọ́rùn, bàtà onírun lẹ́sẹ̀:
"Ìyá oníyàá ń bẹ nínú tẹlifíṣọ̀n mi.
Mo pa á, mo tàn án, kò lọ.
Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Àwòrán kò lẹ́sẹ̀, ó ti gun àtẹ̀gùn ṣáájú mi.

Mo bá a gòkè pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì tí kò bára mu.
Ṣùgbọ́n ogójì fọ́tò kì í ṣe ìyá mi nìkan:
kí a tó jókòó, ẹ̀yìn tèmi ló kún ibẹ̀,
èélá tí mo yà ránṣẹ́ sí dókítà lọ́dún tó kọjá,
ó fẹ̀ ju tábìlì oúnjẹ lọ.
Màmá Òkè ní, "Ṣé èyí ti san?"
Mo ní ó ti san.
Rìsíìtì owó oògùn kọjá. Rìsíìtì owó pósí kọjá.
Àtàǹpàkò àbúrò mi, tó bo ìdajì ọ̀run Ìkìrun.
Lẹ́yìn náà, òun.

Ó jókòó lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàsíà omi gbígbóná,
ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè.
Ó tóbi ju bí ó ti rí láyé lọ.
Àpá náà rèé.
Kò gùn tó bí mo ṣe ń rántí ẹ̀,
ó tẹ̀ kọrọdọ bí èékánná tí a gé.
N kò sunkún. Mo kàn ń kà á ni,
láti òsì sí ọ̀tún, láti ọ̀tún sí òsì.

Mo na ọwọ́ sí fóònù kí n mú un kúrò.
"Fi í sílẹ̀," ni Màmá Òkè wí,
"jẹ́ kó jókòó títí n ó fi mu tíì mi tán."
Ó lọ bu tíì. Ife mẹ́ta ló gbé kalẹ̀.
Bóyá ó ṣì í kà ni. N kò bi í.

Tẹlifíṣọ̀n tèmi ṣì wà nísàlẹ̀,
ọ̀rá ojú rẹ̀, n kò tíì bó o.
Bí aago méje alẹ́ bá ti lù,
ọ̀pá a dún lórí àjà mi: kó, kó.
Mo ti mọ ẹni tó ń béèrè.
Fóònù a tún bi mí: èwo nínú méjì?