Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Kẹsàn-án

Èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ.
Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún:
kí n jókòó sí igun tábìlì, lẹ́bàá ìgò omi,
kí n má dá sí i.

Ní Hirvasjoki, odò ti dì láti oṣù kọkànlá.
Láti ojú fèrèsé a lè rí Ẹ̀rọ Kẹta,
ilé rẹ̀ gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ lẹ́ẹ̀mẹrin.
Èéfín kan ṣoṣo ló ń rú lórí rẹ̀,
tẹ́ẹ́rẹ́, bí èémí aláìsàn.

Ọ̀gá Rautavuori ló ṣí ọ̀rọ̀.
Ó ní ọjà kò yá mọ́,
ó ní ta ló tún ń ka ìwé ìròyìn lórí tákàdá,
iná mànàmáná gbówó lórí, Jámánì ò rà tó ti tẹ́lẹ̀.
Ó ní ogóje ènìyàn.
Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.
Mo kọ ọ́: ogóje.

Aulikki Tervahauta ló gbẹnu ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀.
Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti dúró ti ẹ̀rọ,
etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́,
ó máa ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ bí ẹyẹ kó tó dáni lóhùn.
“Orí ń fọ́ yín, ẹ ní ká bẹ́ ẹ.
Orí ta ni?”
Mo kọ ọ́. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́ kúrò.
Aulikki ní kí n fi sílẹ̀.
Wọ́n fi wákàtí kan jà lórí ìlà kan,
lẹ́yìn náà wọ́n jọ bu kọfí nínú ìkòkò kan náà.

Wọn ò ní kí n kọ ìdákẹ́jẹ́.
Bí wọ́n bá ní kí n kọ ọ́ ni, ìwé yìí ì bá nípọn.
Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ kẹrin, nígbà tí Taisto, akápò ẹgbẹ́,
béèrè bóyá ọ̀gá rántí ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀
tó ṣì kọ́ sára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀rọ Kẹta.
Ọ̀gá ń wo bíírò ọwọ́ rẹ̀ bí ohun tí kò rí rí.

Ọjọ́ kẹfà, Aulikki ní kí gbogbo wa ṣe ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀,
kí oúnjẹ dín nínú gbogbo abọ́
ju kí abọ́ àwọn kan ṣófo.
Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Hẹlisíńkì.
Hẹlisíńkì fèsì ní ìlà méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, wọ́n pariwo mọ́ ọn.
Àwọn ọ̀dọ́ ní kí àgbà máa lọ sinmi.
Àwọn àgbà ní ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ jáde.
N ò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi,
ó ní Aulikki kàn dúró, ó yí etí tó gbọ́ràn sí wọn.

Ìpàdé kẹsàn-án: ogóje di méjìléláàádọ́fà.
Owó oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀.
Ó gba ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu yìnyín.
Ó fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Nígbà tó ń wọ kóòtù, ó wò mí pẹ́.
Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́.
Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìkọkàndínláàádọ́rùn-ún:
Saynaja, Mirkku.
Àmì mẹ́fà ló yẹ kó wà lórí orúkọ ìdílé mi,
méjì méjì, bí ojú tó ń wòkè.
Wọ́n ti gbàgbé gbogbo wọn.
Mo fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan:
Säynäjä.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí tákàdá tiwa,
funfun, dídán, kò ká létí.
Lábẹ́ “Ọ̀rọ̀ mìíràn”
mo kọ: Kò sí.