Ìṣẹ́jú Márùndínláàádọ́ta

Láti Osh dé Bishkek,
ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà ni bí a bá gba ojú òfurufú,
ẹgbẹ̀ta àti díẹ̀ bí a bá tẹ̀lé ọ̀dà.
Ọmọkùnrin tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀.
Ó ní, "Màmá, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré."
Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì.
Mo ní, ṣé bó ṣe yá tó nìyẹn?
Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ṣéńjì.

Kubat ọkọ mi kò gbà.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ẹrù lójú ọ̀nà yẹn,
ọ̀dùnkún lálọ, simẹ́ńtì lábọ̀.
Ó mọ ibi tí òkè ti ń ya yìnyín luni láìkọ́kọ́ wúkọ́,
ó mọ obìnrin tó ń ta oyin létí omi Toktogul,
ó mọ iye jíà tí òkè Töö-Ashuu ń gbà lọ́wọ́ èèyàn
kó tó ṣílẹ̀kùn ihò inú rẹ̀.
Ó ní, "Ohun tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀,
báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun dé?"
Lálẹ́ Fúráìdé, nígbà tí Begimai ọmọ wa ránṣẹ́ pé ìkùn òun ti ń já,
ó di búrẹ́dì mẹ́wàá sínú aṣọ,
ó gbé ibùsùn ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀,
ó lọ. Kò juwọ́.
Ó ní ẹni tó ń juwọ́ dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Èmi sùn. Mo jí, mo mu tíì,
mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Lókè, mo fi iwájú orí kan gíláàsì.
Ọ̀nà tó ti ń gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọgbọ̀n ọdún
kò ju fọ́nrán òwú tó já lára ìbọ̀sẹ̀.
Ṣé ohun tín-ín-rín yìí ló ń gba oorun lójú mi?
Mo wá ọkọ̀ rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, tí iná iwájú rẹ̀ kan ti fọ́.
Yìnyín ni mo rí. Yìnyín, òjìji ìyẹ́ wa, yìnyín.
Mo pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ sí gíláàsì;
gíláàsì ṣú.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì ká balẹ̀
ni awakọ̀ sọ̀rọ̀: kùrukùru ti bo Bishkek lójú.
A yí po, a tún yí po,
bí ajá tó ń wá ibi tí yóò sùn sí,
a padà sí Osh.

Wákàtí mẹ́fà lórí àga onírin.
Ọmọ ilé-ìwé kan fún mi ní wàrà gbígbẹ, mo lá iyọ̀ ara rẹ̀.
Pátákó oníná tó wà lára ògiri kò tijú:
ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

Fóònù dún. Kubat ni,
ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn.
"Obìnrin ni," ó ní. "Etí rẹ ló gbé wá.
Ó ti sùn sínú igi mi."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Uulkan, ibo lo dé?"

Mo wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ bàtà mi,
simẹ́ńtì, bóyá òun ló tilẹ̀ rù ú wá.
Mo ní, "Ó kù díẹ̀."