Kọ́kọ́rọ́ Inú Àpò Kákí

Lafiájí ni mo ti ń fọṣọ kí ogun ó tó dé.
Iyọ̀ inú atẹ́gùn ọ̀sà a máa jẹ irin áyọ́ọ̀nù mi.
Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ṣówándé, èmi ni mo ń fọ kákí rẹ̀.
Ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n.
Ọrùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún ààbọ̀,
òógùn abíyá òsì rẹ̀ ju tọ̀tún lọ,
kò fẹ́ kí sítáàṣì pọ̀ ní kọ́là.
Ohun tí alágbàfọ̀ ń mọ̀ nípa ènìyàn nìyẹn.

Nígbà tó kọ́kọ́ tojú ogun dé,
Gámbó tí í gbé àpótí rẹ̀ ló kó aṣọ wá.
Ẹrẹ̀ pupa, kì í ṣe ẹrẹ̀ Èkó.
Mo tọwọ́ bọ àpò, bí iṣẹ́ wa ti rí,
mo bá kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Gámbó ní kí n jù ú nù.
Lẹ́ẹ̀kejì, mọ́kànlá.
Lẹ́ẹ̀kẹta n kò kà á mọ́;
wọ́n ti já àpò náà nídìí.

Ọtí ló tú Gámbó nínú, lórí òkìtì iyanrìn létí ọ̀sà:
wọ́n dé ìlú kan ní òdìkejì odò,
ọ̀gá ṣí fìlà, ó kí àwọn àgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
ó ní, "Ẹ tilẹ̀kùn yín, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi,
kí àwọn ọmọ mi má baà jà yín lólè.
Gbogbo ọkùnrin, ó di pápá ilé ìwé."
Wọ́n tò, bí ẹni tó fẹ́ san owó orí.
Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ a ní, "A dúpẹ́."
A dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́."
Gámbó dákẹ́ níbẹ̀.
Ó bi mí bóyá omi gbígbóná ń mú ẹ̀jẹ̀ kúrò.
Mo ní rárá, omi tútù ni;
gbígbóná a máa sè é mọ́ aṣọ.

Mo gba ṣílè méjì mi.
Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo gbà á, mo fi ra ọṣẹ.

Ogun parí. Uzoamaka mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan wá.
Ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Ó ní kí n ṣáà fọ̀ ọ́.
Ó rí wọn lára ìṣó, ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Kò sí tiwa níbẹ̀," ló wí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.
Títí dòní n kò mọ ohun tó dúpẹ́ fún.

Ọ̀gá darúgbó ní Ìkòyí, ó ń sin tòlótòló,
ó ra aago fún ṣọ́ọ̀ṣì.
Ìjẹta ló kú. Ìwé ìròyìn pè é ní akin.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé kákí àtijọ́ wá:
"Bàbá ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n lọ̀."
Mo lọ̀ ọ́. Sítáàṣì kò pọ̀ ní kọ́là.
Mo rán àpò tó já,
mo kó wọn sí i, mo fi òwú há wọn láàárín
kí wọ́n má baà dún lójú àlùfáà.
Ilẹ̀kùn pọ̀ lọ́hùn-ún, kó máa dán wọn wò.

Mo yọ ọ̀kan sílẹ̀.
Ọ̀kan yẹn ni tèmi.