Tọ́rọ́ Kan Lálẹ́

Bàbá mi àgbà kò fi àwọ̀n pẹja rí,
ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọmọdé ti ń mọ orúkọ ẹja
kó tó mọ orúkọ àwọn àna ìyá rẹ̀.
Ẹsẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́.
Yóò ká ṣòkòtò dé orúnkún,
yóò jókòó sórí àpótí létí ọ̀sà,
àtùpà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgò mẹ́wàá níwájú,
yóò máa retí ẹnu tí yóò jẹ ẹ́.

Baba tó bí baba rẹ̀ pa ẹfọ̀n nígbó Ìjẹ̀bú,
wọ́n ṣì ń fi ki ọmọ ilé wa títí dòní.
Dísù mú ẹ̀fọn.
Ohùn méjì ló kàn pàrọ̀ ààyè.
Ta ni yóò wá ki ọdẹ yànmùyánmú?

"Má lù ú," ni dókítà òyìnbó ń wí.
"Jẹ́ kó bà. Jẹ́ kó mu díẹ̀.
Kó o wá fi ẹnu ìgò dé e mọ́lẹ̀."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kọ́ sùúrù
tí ẹni tó ń fi ìwọ̀ dẹ òbòkún kò ní.
Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Akọ̀wé Ṣóbándé á ka ìgò,
èyí tó bá ti kú kò sí nínú owó.

Ewé ìwé kan ṣẹ́ kù nínú àpótí rẹ̀,
tàdáwà aláwọ̀ àlùkò, ìkọ̀wé tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́:
Ìgò, pọ́n-ùn méjì.
Karosíìnì, ṣílè mẹ́ta.
Ọmọkùnrin mẹ́rin, ṣílè kan lálẹ́.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni, bí a bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Mo bi í pé níbo lowó náà ti ń wá.
Ó ní Ìlú Ọba.
Ó ní dókítà á kọ lẹ́tà, á tún òmíràn kọ,
á máa wo ojú ọ̀sà bí ìyàwó ẹni tó re àjò.
Wọ́n ní àwọn olówò epo ló dá owó jọ,
nítorí ibà ń pa àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn
kí wọ́n tó mọ òṣùwọ̀n èkùrọ́.

Èkùrọ́ ta ni?
Ràbíátù, ìyá Dísù, ń fi òkúta pa á ní Òkè-Balógun
títí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ fi dúdú.
Ó tà á fún alájàpá, alájàpá tà á fún kọ́ńpìnnì,
kọ́ńpìnnì kó o sọ́kọ̀, ọkọ̀ gbé e ré kọjá òkun,
owó rẹ̀ bímọ, ọmọ náà wọ àpò ìwádìí,
àpò ìwádìí gúnlẹ̀ l'Ékòó, ó bá ọ̀sà wá,
ó di tọ́rọ́ kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.
Ó gbà á, ó fi ra iyọ̀.

Òjò ọdún kejì, ibà pa Múnírù, àbúrò Dísù.
Dókítà wá kí wọn, ó ṣí fìlà,
ó bèèrè ọjọ́ mélòó ni ara fi gbóná,
ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Kuníìnì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn akọ̀wé.

Lọ́jọ́ Tusidé kan, wáyà dé: owó tán.
Ogun ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún,
owó ẹ̀fọn ti di owó ọta.
Wọ́n fi koríko di àwọn ìgò, ó ku àpótí ìjókòó.
Dókítà bọ Dísù lọ́wọ́. Ó sunkún díẹ̀.
Bàbá àgbà kò sọ fún mi bóyá òun náà sunkún.

Nígbà tí a ń wẹ òkú rẹ̀, èmi ni mo bu omi sí ẹsẹ̀ náà.
Ó ń dán. Mo wá àpá títí.

Lánàá wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn ní ilé ìwòsàn,
orúkọ àwọn tó sanwó rẹ̀ wà lára ọ̀rá.
Kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo rí mẹ́ta lójú omi,
àwọn ọmọ ń fi í kó ẹja wẹ́wẹ́,
ẹsẹ̀ wọn níhòòhò dé itan.