Àwòdì Tó Ń Re Ìbarà

Fómù inú páálí ẹja ni mo fi gé ìyẹ́ rẹ̀;
ó ṣì ń rùn díẹ̀.
Òwú irun Ìbídùn ló so ìrù mọ́ ọn
lẹ́yìn ọjọ́ tó forí sọ òpó iná ní Àsérò.

Ìrọ̀lẹ́ àná, bátìrì kún.
Mo fún nọ́ọ̀tù kan pinpin, mo gbàgbé èkejì.
Ó gbéra. Ó ń kùn bí agbọ́n.
Ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó dorí kọ Ìbarà.
Mo ń yí rìmóòtù títí,
kò mọ̀ mí mọ́.

Àwòdì tòótọ́ á ní iṣẹ́ kúkú yá.
Tèmi dákẹ́
lórí páànù onípẹtà kan.

Mo lọ yá àkàsọ̀.
Ìbídùn kò bi mí ní nǹkan kan;
ó ti ń tú irun rẹ̀.