Irinwó Ó Lé Méje

Gobnait gbé awò wọ̀, ó kà á lára ike yúgọ́ọ̀tì:
"Amóúnjẹki: E407."
Ó yí ike náà po, ó tún un yí,
bí ẹni ń wá ẹnu ọ̀nà ilé tí kò dá mọ̀ mọ́.

"Fiachra, ṣé májèlé kọ́ nìyí?"

Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì,
tí mò ń fi rúlà wọn lẹ́tà
kí ó má baà kéré ju bí òfin ṣe wí,
tí mò ń rí i pé "mílíìkì" dúdú ju ìyókù lọ
nítorí ẹni tí mílíìkì lè pa,
mo ní, "Ìyá àgbà, ewéko òkun ni.
Èyí tí ẹ máa ń já lórí àpáta ní Cill Chiaráin,
tí ẹ sè fún mi nígbà tí ikọ́ ò jẹ́ n sùn."

Ó dákẹ́. Fíríìjì ń kùn.
Ó wo ìka rẹ̀ méjì tí omi tútù ti sọ di wíwọ́.
"Nọ́ńbà! Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni?
Ta ló ní kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé: òfin gba orúkọ, ó gba nọ́ńbà,
ilé-iṣẹ́ wa ló mú èyí tó kúrú;
àwòrán sítírọ́bẹ́rì ti gba àyè tán,
ó tóbi ju gbogbo èyí tó wà nínú ike lọ.

Ó ti mú bírò.
Ó kọ "carraigín" gàdàgbà gba orí sítírọ́bẹ́rì kọjá,
ó ṣí ike, ó tọ́ ṣíbí kan wò.

"Kò tilẹ̀ ki," ló wí.