Àwo Kẹtàdínlógún

Aago mẹ́ta òru ti lù ní Èbúté-Mẹ́ta.
Jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn ògiri,
èmi àti àwo mẹ́tàdínlógún la jọ ń ṣàìsùn.
Àwo pẹlẹbẹ, kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ;
mo po ẹ̀jẹ̀ àgùntàn mọ́ ohun inú rẹ̀, ó dì bí ẹ̀kọ,
kí ohun tí ojú kò rí lè rí nǹkan jẹ,
kí ó yó, kí ó bímọ,
kí ó jókòó síbi tí n ó ti rí i.

Ọmọ mẹ́rin ti lọ ní wọ́ọ̀dù ìkókó láàárín ọjọ́ mọ́kànlá.
Méjì nínú wọn kò dé ọjọ́ kẹjọ,
wọn kò lórúkọ tí mo lè kọ sára ìgò.
«Ọmọ Sènámì, Màkòko» ni mo kọ.
Bírò gbẹ níbi «ọmọ», mo tún un tẹ̀.

Mo to oògùn mẹ́fà sórí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, róbótó róbótó.
Oògùn tó bá lágbára a máa gbálẹ̀ yí ara rẹ̀ ká,
bí àgbàlá tí ìyàwó tuntun gbá láàárọ̀.
Èyí tí gbogbo ayé ń rà, kò gbálẹ̀.
Ti abẹ́rẹ́, kò gbálẹ̀.
Èyí tí a ń tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó jáde,
kòkòrò hù dé ẹnu rẹ̀,
ó jókòó tì í bí àna.

Àwa náà la kọ́ ọ.
Méjì fún ikọ́, mẹ́ta fún ẹ̀yìn ríro,
ìyókù nínú dúrọ́ọ̀ dìgbà mìíràn.
Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún tó kọjá,
ara mi yá lọ́jọ́ kẹta, mo fi márùn-ún sílẹ̀.
Ejò tí a ṣá láìkú, ilé ló ń padà sí.

Mo ti fi òwú nu gbogbo ibi tí ọwọ́ ń dé:
etí ìbùsùn, rọ́bà atẹ́gùn, ẹnu ẹ̀rọ omi,
fóònù Dókítà Ṣówándé. Ó bínú.
Nọ́ọ̀sì Fìjábí ni kò bínú, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi:
«Bó bá jẹ́ èmi ni, jẹ́ kí n mọ̀.»
Ọwọ́ tó ti ń gbẹ̀bí láti ọdún méjìdínlógún.
Àwo kẹsàn-án: kò sí nǹkan kan.
Mo sunkún lórí àwo òfìfo.

Òwú kan ṣẹ́ kù. Nítorí kó má ṣòfò,
mo tì í bọ ẹnu ike ọṣẹ olómi tó wà lẹ́bàá sínkì.

Òun nìyí. Ó hù, ó dán, ó ń yọ̀ bí ilá,
ó kọ oògùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ti ọmọ Sènámì gẹ́lẹ́.

Bàbá Ráímì tó ń gbálẹ̀ ní ọṣẹ kì í tó.
Bó bá ku díẹ̀, a máa ń bu omi lù ú.
Ó sọ ọ́ láìtijú, bí ẹni ń sọ bí a ṣe ń ṣún owó ná.
Oṣù mẹ́rin nìyí tí owó ọṣẹ kò ti wá láti òkè.
Fìjábí ńkọ́? Ààbọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ló ń dì sínú ọ̀rá wá láti ilé;
a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Mo mọ̀ ọ́n látìgbà èwe. N kò mọ̀ pé ọṣẹ lè jẹ́ ẹ̀fọ́.

Mo tẹ wọ́ọ̀dù láago. «Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́.»
Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. «Ká má fọwọ́ kẹ̀?»

Nítorí èmi ni mo lẹ ìwé mọ́ ògiri yẹn, pẹ̀lú máákà pupa:
FỌWỌ́ KÍ O TÓ FỌWỌ́ KAN ỌMỌ.
Sènámì kò mọ̀wé. Ó ní kí n kà á fún òun.
Mo kà á.
Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá,
ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́,
ó tún padà lọ fọ̀ ọ́.